Àyà títa ọdún 12: ṣé kí n dúró de ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà ni, àbí kí n lọ ṣe èyí tó wà nílẹ̀?

Bàbá Tóbi, Kúbwà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera.

Ẹni ọdún 56 ni mí. Ọjà Dei-Dei ni mo ti ń ta páànù àti ìṣó. Ó ti tó ọdún 12 tí àyà ti ń ta mí. Tí mo bá jẹun alẹ́ tán tí mo dùbúlẹ̀, omi kíkan á máa ru bọ̀ láti inú ikùn wá sí ọ̀fun, á wá máa jó mi láyà bí ẹni da ata sójú egbò. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo fi ń gbé orí sókè kí n tó lè sùn. Oògùn funfun inú ìgò yẹn kì í tán nínú ọkọ̀ mi, mo sì máa ń ra omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, lọ́dọ̀ oníkẹ́mísìtì àdúgbò wa. Tí mo bá lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ara á tù mí. Tí mo bá ti dáwọ́ dúró, ó tún dé nìyẹn.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn mo lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan, wọ́n ki kámẹ́rà bọ̀ mí lọ́fun. Àbúrò mi tó tẹ̀lé mi lọ ní òun jáde lọ ra omi, kí òun tó padà dé, wọ́n ti ṣe tán. Ìwé tí wọ́n fún mi kò ju ìlà kan lọ: pé ìsàlẹ̀ ọ̀nà oúnjẹ mi pupa díẹ̀. Wọn ò gé nǹkan kan fún àyẹ̀wò, wọn ò fún mi ní àwòrán kankan.

Oṣù tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston pè mí. Irú àyà títa kan náà ló ń bá a jà. Wọ́n ki kámẹ́rà bọ òun náà lọ́fun, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ha inú ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni wọ́n wá fi yẹ ohun tí búrọ́ọ̀ṣì kó wò. Wọ́n ní ó ti ní Barrett, pé ara ibẹ̀ ti yí padà, kò tíì di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n àwọn á máa ṣọ́ ọ. Bàbá kan náà, ìyá kan náà ló bí wa. Ẹ̀gbọ́n ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ki kámẹ́rà bọ̀ mí lọ́fun àfi tó bá jẹ́ oníkọ̀ǹpútà.

Mo ti wá a kiri Àbújá. Ibi tí mo dé kẹ́yìn, wọ́n ní kí n mú ₦150,000 wá fún ẹ́ńdóskópì, ìyẹn àyẹ̀wò kámẹ́rà ọ̀fun yẹn, mo béèrè kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kò sí. Ìyàwó mi ní kí n lọ ṣe é bẹ́ẹ̀. Èmi ń rò ó pé kí n kúkú tọ́jú owó lọ sí Íńdíà, tàbí kí n ní sùúrù títí ẹ̀rọ yẹn á fi dé ọ̀dọ̀ wa. Kí ni kọ̀ǹpútà yìí ń rí tí ojú dókítà ò lè rí? Ṣé ó tọ́ kí n dúró?

Mi ò mu sìgá rí. Ṣùgbọ́n ṣáyì ni mo fi ń jí, lọ́dọ̀ mai ṣáyì tó wà lẹ́nu géètì ọjà, bó bá ṣe ń hó ni mo ṣe ń mu ún.

Ìyá Ìbejì Nọ́ọ̀sì, Lúgbé:

Ẹ̀gbọ́n wa Bàbá Tóbi, ẹ kú ọjà o. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yàrá ẹ́ńdóskópì. Èmi ni mo máa ń di orí aláìsàn mú, tí mo máa ń fa itọ́ kúrò lẹ́nu wọn, tí mo máa ń na ohun èlò sí dókítà. Èmi àti dókítà la jọ ń wo tẹlifíṣọ̀n kan náà, nítorí náà ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró. Ẹ wá gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ọ̀nà oúnjẹ tó dá ṣáṣá máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí inú ètè, á sì máa dán. Níbi tó ti pàdé ikùn ni pupa ti bẹ̀rẹ̀, ààlà wọn máa ń hàn kedere. Bí omi kíkan bá ti ń ru sókè fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà oúnjẹ á wá ọ̀nà àtigba ara rẹ̀ là, á pa awọ rẹ̀ dà sí irú èyí tó wà nínú ìfun. Pupa yẹn á wá ré ààlà kọjá, á yọ ahọ́n ahọ́n lọ sókè, ẹ ó sì máa wò ó bí aṣọ àrán. Ohun tí wọ́n ń pè ní Barrett nìyẹn. Orúkọ dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni, Norman Barrett, tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1950.

Kí ọkàn yín balẹ̀ díẹ̀: Barrett kì í ṣe jẹjẹrẹ. Nínú 100 ènìyàn tó ní in tí sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kò tó ẹnì kan tó ń di jẹjẹrẹ fún láàárín ọdún kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ irú wọn ní ọdún 3 sí 5 sí ara wọn, tí wọn kì í sáré ṣiṣẹ́ abẹ. Ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn òyìnbó ju àwa lọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti lé ní 50, tí àyà ti ń ta fún ọdún 12, tí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní in, kò yẹ kó jókòó sílé máa ka iye ènìyàn tí kò ní in.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé bí sẹ́ẹ̀lì bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nínú àrán pupa yẹn, kì í dunni, kì í wú, kì í sábà ṣẹ̀jẹ̀. Ó lè má ju èékánná ọmọdé lọ, kí àwọ̀ rẹ̀ kàn fi díẹ̀ ṣókí yàtọ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe là á kalẹ̀ pé kí dókítà máa gé ẹran kéékèèké ní igun mẹ́rin, ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí ara wọn, láti ìsàlẹ̀ dé òkè ibi tó pupa. Ẹran tí à ń gé yẹn tó ọkà bàbà. Ẹ wá wo iye ibi tí a kò fọwọ́ kàn láàárín wọn. Ó dà bí ẹni tó ń wá òkété, tó gbẹ́ ebè kan, tó fo mẹ́wàá.

Àlàfo yẹn ni kọ̀ǹpútà wá dí. Ti ẹ̀gbọ́n yín, búrọ́ọ̀ṣì náà máa ń ha ibi tó fẹ̀, ó sì ń ha á wọ abẹ́ awọ. Ohun tó bá kó máa ń nípọn, sẹ́ẹ̀lì á gun orí sẹ́ẹ̀lì, ojú lásán lábẹ́ máíkíróskópù kò lè yẹ̀ ẹ́ wò tán. Kọ̀ǹpútà á ya àwòrán rẹ̀ ní ìpele ìpele, á pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan, á wá ṣa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó mú ìfura wá jù síwájú dókítà. Dókítà ló ṣì ń dájọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi kún gígé ẹran ni, wọn kò fi rọ́pò rẹ̀. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé bí kámẹ́rà bá ṣe ń lọ lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà á fi ìlà yí ibi tó fura sí ká lójú tẹlifíṣọ̀n, pé ẹ wo ibí yìí dáadáa.

Ó dára, mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n, ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà kò lè rí ohun tí itọ́ bò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ kan. Bàbá kan wá fún àyẹ̀wò, àyà títa bíi tiyín. Nígbà tí kámẹ́rà kọ́kọ́ wọlé, fóòmù ló kún ibẹ̀ bí omi ọṣẹ. Ẹlòmíì á wò ó gààràgà, á fà á jáde. Dókítà tí mò ń bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà ní kí n po simethicone mọ́ omi, oògùn tó ń pa fóòmù. Mo fọ̀ ọ́, mo fà á, mo tún fọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú kan fún sẹ̀ǹtímítà kan ibi tó pupa, òun ni ìwọ̀n tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ń lò. Ó tẹ bọ́tìnnì kan lára kámẹ́rà, iná funfun kúrò, ó ku ti búlúù àti ti àwọ̀ ewé, ẹ wo bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe yọ dúdú fínínfínín bí iṣan ara ewé. Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní, "Sister, ẹ fún mi ní fínígà."

Fínígà ni o. A fi omi là á, a fọ́n ọn síbẹ̀, gbogbo ibẹ̀ funfun báláú. A wá ń wò. Kò pẹ́, ibì kan tí kò ju kóró ẹ̀wà lọ pọ́n padà, nígbà tí gbogbo àyíká rẹ̀ ṣì funfun. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti ń bàjẹ́ kì í di funfun yẹn mú pẹ́ bíi ti ìyókù. Dókítà ò sọ̀rọ̀, ó kàn na ọwọ́ sí mi, mo fún un ní ẹ̀mú, ibẹ̀ gan-an ló gé. Nígbà tí èsì dé, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ti ń bàjẹ́ lóòótọ́, kò sì tíì di jẹjẹrẹ. Ihò kámẹ́rà kan náà ni wọ́n gbà bó ibẹ̀ kúrò, kò sí ọ̀bẹ láyà, kò sí ọ̀bẹ níkùn.

Kò sí kọ̀ǹpútà nínú yàrá yẹn. Omi, fínígà, iná búlúù àti sùúrù ló wà níbẹ̀.

Torí náà kí ẹ tó san ₦150,000 yẹn, ẹ pè wọ́n. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ń fọ ibẹ̀ kí wọ́n tó wò ó, bóyá kámẹ́rà wọn ní iná búlúù, bóyá wọ́n á gé ẹran tí wọ́n bá rí pupa tó ré ààlà kọjá, àti bóyá wọ́n á fún yín ní àwòrán pẹ̀lú ìwé tó sọ iye sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tí ìbéèrè yìí bá bí nínú, ẹ máa bá tiyín lọ. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún yín lọ́jọ́sí, èmi ò kà á sí àyẹ̀wò.

Bí oúnjẹ bá ti ń há yín lọ́fun, tàbí ẹ ń rù, tàbí ẹ bì ẹ̀jẹ̀, tàbí ìgbẹ́ yín dúdú bí ọ̀dà, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Alhaja Kàdúná:

Bàbá Tóbi, omi ewúro láàárọ̀, kí ẹ tó fi nǹkan kan kan ẹnu. Oṣù kan ni mo fi mu ún, àyà kò ta mí mọ́. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n máa ki wáyà bọ̀ yín lọ́fun.

Ìyá Ìbejì Nọ́ọ̀sì, Lúgbé:

Alhaja mi, ẹ ṣeun. Inú mi dùn pé ara tù yín. Ṣùgbọ́n àyà tí kò ta mọ́ kò sọ pé awọ tó ti yí padà ti padà sípò. Omeprazole náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: á mú títa lọ, Barrett á wà níbẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀pọ̀ tó ní Barrett ni àyà wọn kì í ta mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí awọ tuntun yẹn ń fara da omi kíkan ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn dá Bàbá Tóbi dúró.

Olùkọ́ Zaria:

Ẹ kú àlàyé, Ìyá Ìbejì. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń ka àwòrán ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níbí, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tó ń jẹ́ jẹjẹrẹ. Àwòrán rẹpẹtẹ ni wọ́n kó síwájú rẹ̀, àwọn àgbà dókítà ti fi ìlà yí ibi tó ti bàjẹ́ ká nínú wọn, òun náà á máa méfò, wọ́n á máa tún un ṣe, títí yóò fi mọ ọ̀n. Ní 2020, àwọn oníwádìí ní Netherlands gbé èsì tiwọn jáde. Wọ́n fi àwòrán Barrett síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n fi àwọn kan náà síwájú dókítà 53 tí Barrett kì í ṣe iṣẹ́ àkànṣe wọn. Kọ̀ǹpútà gba 88 nínú 100, àwọn dókítà gba nǹkan bíi 73. Nǹkan ńlá ni, mi ò ní fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán tó dúró sójú kan, tó mọ́, tí wọ́n ti ṣà, ni wọ́n lò. Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ nípa itọ́ yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ohun kejì ló jẹ mí lógún jù. Irú jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ tó pọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà kì í ṣe èyí tó ń ti ara Barrett wá. Láti ara awọ ọ̀nà oúnjẹ tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín tàbí lókè. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi àwòrán Barrett tọ́ dàgbà kò ní mọ ọ̀n, á kọjá lára rẹ̀ bí àlejò ṣe ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé tí kò mọ̀. Àwọn ará Jàpáànì àti Ṣáínà ti kọ́ tiwọn fún irú èyí, nítorí òun ló ń dà wọ́n láàmú. Bí ẹ̀rọ bá máa dé ọ̀dọ̀ wa, ó yẹ kí a béèrè irú àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ kí a tó sanwó.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Tóbi, ohun kan tún wà tó wù mí ju gbogbo rẹ̀ lọ fún àwa tí a jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ṣe é ní Cambridge: kànrìnkàn kékeré tí wọ́n ká sínú kápúsù, tí wọ́n so okùn mọ́. Ẹ ó gbé e mì, kápúsù á yọ́ nínú ikùn, kànrìnkàn á tú, nọ́ọ̀sì á wá fa okùn náà, kànrìnkàn á máa ha ọ̀nà oúnjẹ bọ̀. Nọ́ọ̀sì lè ṣe é láìsí kámẹ́rà. Wọ́n ti dán an wò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tú àwọn tó ní Barrett síta ní ìlọ́po ìlọ́po ju bí wọ́n ṣe ń rí wọn tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kánò:

Mo ka èyí, mo jókòó sílẹ̀ díẹ̀ kí n tó kọ̀wé.

Iyán ni bàbá mi kọ́kọ́ pa tì. Ẹni tó jẹ́ pé tí kò bá jẹ iyán ní ọjọ́ Àìkú, kò jẹun. Ó ní kò dùn mọ́ òun lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi ti ẹ̀bà. Òkèlè kan, omi kan. A ní àgbà ni. Ó di àmàlà tó rọ̀, ó di ẹ̀kọ, ó di kókò. Ní ìgbà tí kókò fi bẹ̀rẹ̀ sí í há a, agbádá rẹ̀ ti ń yọ kúrò léjìká, àwọn ará Sabon Gari ti ń sọ pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. A gbé e lọ síbi àdúrà. Oṣù márùn-ún gbáko.

Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ oníkámẹ́rà, kámẹ́rà kò lè kọjá. Dókítà pè mí síta, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ hàn mí bí ihò tó kù ṣe tó. Irú tí Olùkọ́ Zaria ń sọ yẹn ni. Kò sí Barrett, kò sí àyà títa kan tó fi kìlọ̀ fún wa.

Bàbá mi mu sìgá fún ọgbọ̀n ọdún, ó sì ń mu ṣáyì tó ń hó. Mi ò lè sọ pé ṣáyì ló pa á. Ṣùgbọ́n ní 2016 àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé, tó wà lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé ohun mímu tó gbóná ju 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ. Gbígbóná rẹ̀ ni wọ́n ń sọ, wọn ò sọ ewé tíì. Bàbá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí mai ṣáyì bu tiyín sílẹ̀ ná. Ẹ máa kí àwọn oníbàárà, kó tutù díẹ̀.

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò yẹn. Mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín.

Ìyá Ìbejì Nọ́ọ̀sì, Lúgbé:

Ọmọ Ọ̀fà, ẹ kú àfẹ́kù bàbá. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Fún irú tiwọn yẹn, áyódínì là ń lò dípò fínígà. Tí a bá fọ́n ọn, awọ tó dá ṣáṣá á gbà á, á di àwọ̀ ilẹ̀, nítorí oúnjẹ aláṣúgà tó kó pamọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló ń di áyódínì mú. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ti jẹ tirẹ̀ tán, kò ní gbà á, á yọ gedegbe bí ibi tí aró kò mú lára aṣọ. Kò wọ́n. Bàbá Tóbi, bí ara yín bá kọ áyódínì, ẹ tètè sọ fún wọn.

Bàbá Tóbi, Kúbwà:

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ bàbá Ọ̀fà, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ka ìyókù fúnra rẹ̀.

Mo pe ibẹ̀ lówùúrọ̀ yìí. Mo bi ọmọbìnrin tó gbé e ní ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní kí n dúró, dókítà fúnra rẹ̀ ló wá sí orí fóònù. Kò bínú. Ó ní iná búlúù wà lára kámẹ́rà àwọn, àwọn máa ń fọ ibẹ̀, àwọn á gé ẹran bó bá yẹ, àwòrán á tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ti fínígà, ó ní òun mọ̀ ọ́n, òun á pèsè rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fún mi.

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí n dá omeprazole dúró títí di ọjọ́ náà?

Ìyá Ìbejì Nọ́ọ̀sì, Lúgbé:

Ẹ má dá a dúró fúnra yín, dókítà yẹn ni kí ẹ bi. Bí omi kíkan bá ti bó awọ ibẹ̀, ó lè jọ sẹ́ẹ̀lì tó ń bàjẹ́ lábẹ́ máíkíróskópù, a ó wá máa kọ́minú lórí ohun tí kò sí.

Ẹ má jẹun láti òru ọjọ́ náà. Bí ẹ bá ní eyín àtọwọ́dá, ẹ yọ ọ́. Wọ́n lè fún yín lábẹ́rẹ́ oorun, torí náà ẹ má wa ọkọ̀ padà sí Kúbwà, ẹ mú ẹnì kan dání tó máa gba ìwé àti àwòrán lọ́wọ́ wọn.

Bàbá Tóbi, Kúbwà:

Àbúrò mi náà ló tún ń bá mi lọ. Mo ní kó gbé omi tirẹ̀ dání láti ilé, kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó máa wo aago.